Loader Wo Ló Yẹ Ìbọn Paintball Yín? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Èyí Tí Kò Ní Já A Kulẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ paintball, eré tí a ti ń yin ọta ọ̀dà lu ara wa, ló máa ń ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ sórí ìbọn, tí á wá fi ike èyíkéyìí tó bá rí lé e lórí. Bẹ́ẹ̀, kò sí ìbọn tó lè yìn ju ọta tí loader bá fún un lọ. Bí ọta bá há nígbà tí alátakò ń sáré bọ̀, ìbọn olówó ńlá àti ìbọn àyálò ti di ọgba, igi lásán ni méjèèjì lọ́wọ́ ẹni tó gbé wọn. Lójú tèmi, lẹ́yìn ìbòjú tó ń dáàbò bo ojú, loader ni ohun tó yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ yàn jù lọ.

Fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n, loader, tí àwọn kan ń pè ní hópà, ni àpótí ike tó máa ń jókòó sórí ìbọn, inú rẹ̀ ni a ń da ọta sí. Ó ní ẹnu tóóró nísàlẹ̀ tó wọ inú ọrùn ìbọn, ibẹ̀ ni ọta ń gbà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọta tí ọ̀pọ̀ ń lò fẹ̀ tó 0.68 ínǹṣì, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 17. Gelatin ni awọ rẹ̀, ọ̀dà wà nínú rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ sì tó gíráàmù 3. Loader tó gba ọta 200 ló wọ́pọ̀ jù, èyí já sí pé bó bá kún, gíráàmù 600 ti gun orí ìbọn kí a tó ka ara loader náà.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ìfọkàntán ni àkọ́kọ́, ó sì yẹ ká yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìyára, torí àwọn tó ń polówó máa ń pò wọ́n pọ̀. Lára páálí àwọn olówó gọbọi, ẹ óò rí i kà pé loader yìí lè rọ ọta 30, 40, àní 50 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí ibi tí ẹ ti máa lo gbogbo ìyẹn. Nínú àwọn ìdíje ńlá lónìí, òfin ti dá ìbọn oníbátìrì dúró sí nǹkan bí ọta 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó ń fi ìka fa ìbọn tí kò lo bátìrì kì í sábà ju 5 sí 8 lọ. Ohunkóhun tó bá ti ju 15 lọ, ariwo ọjà ni.

Ohun tó yẹ kí a béèrè ni pé, nígbàkígbà tí bọ́ltì ìbọn, ìyẹn ọ̀pá inú rẹ̀ tó ń ti ọta síwájú, bá fà sẹ́yìn, ṣé ọta kan ti wà ní sẹpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà? Ní gbogbo ìgbà ni o, yálà loader kún tàbí ó ti ṣẹ́ ku díẹ̀, yálà ẹ dúró, ẹ ń sáré, tàbí ẹ da ìbọn dẹ̀gbẹ́ láti yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ sá pamọ́ sí. Loader tó ń rọ ọta 12 láìkùnà sàn fún mi ju èyí tó ń rọ 40 lónìí, tó há lọ́la.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń wo bí ó ṣe ń tọ́jú ọta. Ọta tó bá fọ́ sínú loader kì í dá parẹ́, á ta ọ̀dà sára àwọn tó kù, wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ra, èyí tó bá sì jáde kò ní lọ tààrà mọ́. Ó tún yẹ kí ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó láti tú, torí kò sí loader tí ọta kì í fọ́ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Òmíràn wà tí ẹ lè fọwọ́ lásán tú palẹ̀, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì padà sójú ogun kí eré tó kàn tó bẹ̀rẹ̀. Òmíràn á ní kí ẹ lọ wá ohun tí ẹ máa fi tú súkúrù.

Ìwọ̀n àti gíga rẹ̀ náà ṣe kókó ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Lábẹ́ òfin tí ọ̀pọ̀ pápá ń tẹ̀ lé, ọta tó bá fọ́ sára ìbọn tàbí sára loader yín ti mú yín jáde nínú eré, bí ẹni pé ara yín ló bà. Loader tó ga fíofío ń yọrí jáde kí orí yín tó yọ. Owó wá gbẹ̀yìn nínú ìdíwọ̀n mi, àmọ́ ẹ má ka iye tí wọ́n tà á nìkan. Ẹ ka bátìrì mọ́ ọn, àti ẹ̀yà ara tó lè kán, àti gbogbo ọta tó máa fọ́ dànù.

Loader lásán, tí kò ní ẹ̀rọ kankan

Ike tó ní ìdérí ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọta ń fi ìwúwo ara rẹ̀ ṣubú. Kò ní bátìrì tó lè kú, kò ní wáyà tó lè já, ẹ lè fi omi fọ̀ ọ́ láti òkè délẹ̀. Òun ló dínwó jù nínú gbogbo wọn, wọ́n sì sábà máa ń fi í kún ìbọn tí ènìyàn rà tàbí èyí tí pápá fi ń yáni.

Ẹnu rẹ̀ ni wàhálà wà. Bí ọta mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá dé ibi tóóró yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á fún ara wọn pa bí èrò tó fẹ́ gba ilẹ̀kùn kan ṣoṣo jáde, ìkankan kò sì ní lè kọjá. Ẹ óò fa ìbọn, afẹ́fẹ́ lásán ni yóò jáde. Ohun tó fà á nìyẹn tí ẹ fi ń rí àwọn tó ń lò ó tí wọ́n ń mi ìbọn wọn jìgìjìgì láàárín eré. Bí ẹ bá ń mì í dáadáa, á máa fún yín ní ọta 5 sí 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ kò bá mì í, ẹ kò lè mọ ìgbà tó máa há.

Ewu tó tún wà níbẹ̀ ni ti ìbọn tí kò ní ojú. Ìbọn oníbátìrì òde òní sábà máa ń ní ojú, ìyẹn iná kékeré tó ń wò bóyá ọta ti wọlé tán, bí kò bá tíì wọlé, ìbọn kò ní yìn. Ìbọn bíi Tippmann 98, tó jáde ní 1998, kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń fà á léraléra lórí loader lásán, bọ́ltì lè pàdé ọta nígbà tí ìdajì rẹ̀ ṣì wà lókè, á gé e sí méjì, inú ìbọn á kún fún ọ̀dà.

Síbẹ̀, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1981, nígbà tí ènìyàn 12 ṣe eré paintball àkọ́kọ́ nínú igbó kan ní New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, wọn kò ní èyí pàápàá. Nel-Spot 007 ni wọ́n lò, ìbọn tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń fi ọ̀dà sàmì sí igi àti ẹran ọ̀sìn. Ọta díẹ̀ ló ń gbà, ẹni tó bá sì yìn ín tán gbọ́dọ̀ da ìbọn dẹ̀gbẹ́ kí ọta tó tẹ̀ lé e lè yí lọ sí àyè rẹ̀. Títí di òní, àwọn kan ṣì fẹ́ràn ìbọn tí a ń fi ọwọ́ fà lọ fà bọ̀ kí a tó yìn ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Fún irú ìbọn yẹn, loader lásán kékeré tó gba nǹkan bí ọta 50 ló bá a mu jù lọ. Láàárín ìfà kan sí èkejì, ọta ti ní àyè tó pọ̀ tó láti ṣubú. Ẹni tó bá lọ ra oníbátìrì olówó ńlá sórí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kàn fi owó ṣòfò ni.

Oníbátìrì tó ń ro ọta

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni kí a fi ẹ̀rọ kékeré sínú ike náà láti máa ro àwọn ọta pọ̀ kí wọ́n má há. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù nínú irú rẹ̀ ni Revolution láti ọ̀dọ̀ Viewloader, tó gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ó ní ojú lọ́rùn. Bí ojú yẹn bá rí i pé kò sí ọta níwájú òun, á ní kí ẹ̀rọ yí, apá kékeré inú rẹ̀ á sì tú àwọn ọta tó ti fún pọ̀ ká. Bátìrì onígun mẹ́rin ti fóltì 9 ló ń jẹ.

Ẹ kíyè sí i pé irú loader yìí kì í ti ọta. Rírò nìkan ló ń rò wọ́n, ìwúwo ọta ló ṣì ń mú un ṣubú. Nítorí náà, ìyára rẹ̀ kì í sábà ju 10 tàbí díẹ̀ lé lọ, bí ẹ bá sì da ìbọn dẹ̀gbẹ́ pátápátá, iṣẹ́ rẹ̀ á dínkù. Ṣùgbọ́n fún ìbọn tí kò lo bátìrì, tó ń yìn 6 tàbí 7, ìyẹn tó, ó sì tún ṣẹ́ kù. Kì í ni ọta lára, torí kò sí ohun tó ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ìgbésókè láti orí loader lásán sí èyí, lórí Tippmann 98 tàbí irú rẹ̀, ni ìyàtọ̀ tó hàn jù lọ tí owó díẹ̀ lè rà nínú eré yìí. Ẹni tí ìdààmú rẹ̀ jẹ́ ọta tó ń gé nínú ìbọn lè rí i pé kò sí ohun tó ṣe ìbọn òun rárá.

Àìdára rẹ̀ ni pé àwọn tó pọ́kú nínú wọn ní ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn a sì máa sán níbi tí súkúrù wà bí ìbọn bá jábọ́ léraléra. Ìró ẹ̀rọ rẹ̀ náà máa ń dún nínú igbó tó bá dákẹ́.

Oníbátìrì tó ń ti ọta

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà fún ẹni tó ń lo ìbọn oníbátìrì. Bí ẹ bá ṣí ọ̀kan nínú wọn, ẹ óò rí nǹkan róbótó kan nísàlẹ̀ tó ní apá yíká, àárín apá kan sí èkejì kò gbà ju ọta kan lọ. Ẹ̀rọ kékeré wà lábẹ́ rẹ̀, sípíríǹgì sì wà láàárín ẹ̀rọ àti àwọn apá náà. Sípíríǹgì yìí ni ọgbọ́n gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tan loader, ẹ̀rọ á yí, àwọn apá á kó ọta sí ojú ọ̀nà tóóró títí ọrùn ìbọn á fi kún. Nígbà tí ọta kò lè lọ síwájú mọ́, ẹ̀rọ kò ní dúró lójú ẹsẹ̀, á yí díẹ̀ sí i, sípíríǹgì á fún, ìgbà yẹn ni á tó sinmi. Bí ìbọn bá gba ọta kan, sípíríǹgì tó ti fún tẹ́lẹ̀ ló máa ti òmíràn wọlé lójú ẹsẹ̀, kò ní dúró de ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á kàn wá fún sípíríǹgì náà padà lẹ́yìn náà. Èyí ló jẹ́ kí ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ bátìrì díẹ̀ lè bá ìbọn tó yára jù lọ rìn, tí ọta á sì máa wọlé bí ìbọn tilẹ̀ wà ní ìdẹ̀gbẹ́.

HALO láti ọ̀dọ̀ Odyssey ló gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Ẹ ṣì lè rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù. Kò burú, àmọ́ kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹ lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà bí ọ̀kan bá kán. Nínú àwọn tó wà lóde báyìí, mẹ́ta ni mo máa fi wé ara wọn.

Rotor láti ọ̀dọ̀ DYE, tó dé ní àyíká 2009, ló yí ojú ọjà padà. Bátìrì AA mẹ́ta ló ń lò, ó sì ń pẹ́ kí ó tó jẹ wọ́n tán. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni ọ̀pá kékeré kan tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí ẹ lè fi ìka fà bí ọta bá há. Yóò tú ohun tó fún pọ̀ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ṣí ìdérí tàbí gbé ojú kúrò lára alátakò. Ọwọ́ lásán ni ẹ fi ń tú u. Ó lágbára, ó ti pẹ́ lóde, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì ṣòro rí. LT-R ni ọmọ ìyá rẹ̀ tó dínwó, iṣẹ́ inú rẹ̀ bá ti ẹ̀gbọ́n mu gan-an, òun ni mo máa ń dárúkọ fún ẹni tó fẹ́ kúrò lórí loader lásán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò fẹ́ ra nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ẹ lè rí bá Rotor wí ni pé ó tóbi, ó sì ga lórí ìbọn.

Spire láti ọ̀dọ̀ Virtue náà ń lo AA mẹ́ta, ọwọ́ lásán ni ẹ fi ń tú u, títú rẹ̀ sì rọrùn débi pé ọmọdé lè ṣe é. Spire IR, irú kan lára wọn, ló sábà máa ń wà láàárín méjì ní ti owó, kì í ṣe olówó ńlá jù, kì í sì í ṣe gbẹ̀fẹ́. Fún ẹni tó ń ṣeré lópin ọ̀sẹ̀, tí kò dá sí ìdíje, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó náwó ju ibẹ̀ lọ.

CTRL láti ọ̀dọ̀ Bunkerkings kúrú, ó sì rẹlẹ̀ lórí ìbọn. Fún ẹni tó ń ṣeré lẹ́yìn àwọn ìdáàbòbò tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ kún, tí àwọn eléré ń sá pamọ́ sí, tó ń yọ ojú kan ṣoṣo síta, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà o. Ìdajì ìka tó dínkù lórí ìbọn lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó jáde àti ẹni tó ṣì wà nínú eré. Ṣùgbọ́n olówó ńlá ni, ẹni tó sì ń ṣeré nínú igbó níbi tí àyè ti gbòòrò kò ní jèrè owó tó fi lé e.

Gbogbo àwọn tó ń ti ọta yìí ní àléébù kan tí ẹni tó ń tà á kì í sábà sọ. Nínú ìbọn, ọmọ rọ́bà kékeré kan wà tó ń dá ọta dúró kí ó má yí bọ́ sínú ọ̀pá gígùn tí ọta ń gbà jáde. Loader lásán kì í da ọmọ rọ́bà yẹn láàmú. Àmọ́ èyí tó ń ti ọta, tipátipá ló ń tì í. Bí rọ́bà náà bá ti jẹ, ọta méjì á wọlé papọ̀, wọ́n á sì fọ́. Ẹni tó ni ìbọn á máa bú loader tuntun, nígbà tó jẹ́ pé rọ́bà tí kò wọ́n ló yẹ kó pààrọ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó gbé loader bẹ́ẹ̀ sórí ìbọn tó ti gbó.

Nítorí sípíríǹgì yẹn náà, ẹ má fi ọta sílẹ̀ nínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọta tí a tẹ̀ mọ́ra lóru á pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tó bá sì pẹlẹbẹ kò ní lọ síbi tí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí.

Cyclone, tó ń jẹ afẹ́fẹ́ ìbọn

Iléeṣẹ́ Tippmann ní ọ̀nà tiwọn, tí wọ́n fi sára ìbọn wọn A-5 àti X7. Dípò bátìrì, díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tí ìbọn fi yìn ọta ni wọ́n darí sí ẹ̀gbẹ́ láti yí àgbá kékeré kan tó ní apá. Ìbọn yìn lẹ́ẹ̀kan, àgbá yí lẹ́ẹ̀kan, ọta kan wọlé. Kò lè sáré ju ìbọn lọ, kò sì lè rẹ̀yìn. Á fún yín ní nǹkan bí ọta 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ju ohun tí ìka lè fà lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ẹ óò fi ọwọ́ tẹ nǹkan kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ti ọta àkọ́kọ́ wọlé, ó parí.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún eré ọlọ́jọ́ gígùn nínú igbó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fẹ́ máa ronú nípa bátìrì. Ẹ̀gbẹ́ kan ni loader wà lórí rẹ̀, kò dí ẹni tó ń fojú wọn ọ̀kánkán. Ohun tó mú kó ṣòro láti fi í wé àwọn yòókù ni pé ara ìbọn ló jẹ́, ẹ kò lè tú u gbé sórí ìbọn mìíràn tó bá wù yín. Bí ẹ bá yan Cyclone, ìbọn ni ẹ ti yàn yẹn.

Ẹni tí kò fẹ́ loader rárá

Mágásíìnì ni tiwọn, ìyẹn àpótí ọta kékeré tí a ń ki bọ inú ìbọn. Tippmann TMC, fún àpẹẹrẹ, ń gba ọta 20 nínú mágásíìnì kan, ó sì tún ṣeé gbé loader lé bí ọkàn ẹni bá yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọta First Strike tó ní ìyẹ́ lẹ́yìn sábà máa ń lo mágásíìnì tó gba irú rẹ̀, torí ọta yẹn kò rí róbótó, kò lè gba inú loader kọjá. Ohun tí ẹ pàdánù ni iye ọta. Ohun tí ẹ jèrè ni pé kò sí ohun tó yọ sókè lórí ìbọn, kò sì sí ìró ọta tó ń dún ṣaworoṣaworo nígbà tí ẹ bá ń sáré.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó ń ba loader rere jẹ́

Ọta fúnra rẹ̀ ló ṣáájú. Gelatin máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ sára. Ọta tó ti fa omi á wú, á rọ̀, á sì máa há sẹ́nu loader tó dára jù lọ. Òtútù ń sọ ọ́ di gbígbẹ tó ń fọ́ wẹ́wẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó dá loader lẹ́bi, ẹ mú ọta kan, ẹ yí i lọ́wọ́, bí ó bá ní ibi tó wọ̀ tàbí tó wú, ẹ kó gbogbo àpò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Òtútù kan náà ń rẹ bátìrì sílẹ̀. Loader tó ń yí wúyẹ́wúyẹ́ nínú ilé lè máa wọ́ lójú òtútù, bátìrì lithium ló ń fara dà á jù. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé loader pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ yọ bátìrì kúrò. Omi tó ń jáde lára bátìrì tó gbó ti pa loader ju ìṣubú lọ, ohun tó sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò lára àlòkù nìyẹn: ẹ ṣí ilé bátìrì rẹ̀, bí ẹ bá rí nǹkan funfun tàbí àwọ̀ ewé lára irin rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Ìdérí náà wà ńbẹ̀. Bí ìbọn bá ń yìn 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, loader 200 á gbẹ ní ìṣẹ́jú-àáyá 20 péré. Ìgò ọta tí àwọn eléré ń so mọ́ ìbàdí sábà máa ń gba 140. Ẹ ò rí i pé bí ẹ bá dà á nígbà tí 100 ṣì wà nínú loader, ilẹ̀ ni 40 máa bọ́ sí. Ẹ dúró títí yóò fi ku nǹkan bí 60. Àwọn kan máa ń yọ ìdérí tó wá pẹ̀lú loader, wọ́n á fi èyí tó ní ìka rọ́bà rọ́pò rẹ̀, tí ẹ lè ki ìgò bọ̀ láìṣí nǹkan kan. Ó yá gan-an, àmọ́ òjò ń gbabẹ̀ wọlé, ọta tí omi kàn sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ mú ìdérí àkọ́kọ́ dání ní ọjọ́ tójú ọ̀run bá ṣú.

Fún ọmọdé tó ń lo ọta 0.50 ínǹṣì, ẹ má rò pé gbogbo loader ló máa gbà á. Èyí tí wọ́n ṣe fún 0.68 lè jẹ́ kí méjì wọ ibi tó yẹ kí ọ̀kan wà. Ẹ béèrè kí ẹ tó rà.

Ta ló yẹ kó ra èwo

Bí ẹ bá ń ṣeré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbọn àyálò, tàbí ìbọn tí a ń fi ọwọ́ fà, loader lásán tó yín. Ẹ fi owó tó ṣẹ́ kù ra ọta tó dára.

Bí ìbọn yín kò bá lo bátìrì, tí kò ní ojú, tí ọta sì ń gé nínú rẹ̀, ẹ lọ fún èyí tó ń ro ọta. Ẹ ò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi tí ẹ bá mọ̀ pé láìpẹ́ ẹ máa ra ìbọn oníbátìrì, ìgbà náà ó sàn kí ẹ ra LT-R báyìí, kí ẹ gbé e lọ sórí ìbọn tuntun nígbà tó bá dé.

Ẹni tó ti ní ìbọn oníbátìrì, tó ń ṣeré ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀, LT-R tàbí Spire IR ni mo máa yàn fún un. Láàárín méjèèjì, ẹ gbé wọn sórí ìbọn yín, kí ẹ gbé ìbọn sójú pẹ̀lú ìbòjú yín lórí, èyí tí kò bá dí ojú yín ni kí ẹ mú. Ẹni tó ń lọ ìdíje, tó ń ṣeré nítòsí lẹ́yìn ìdáàbòbò kékeré, ni CTRL yẹ. Ẹni tó ń dúró lẹ́yìn pátápátá, tó ń rọ òjò ọta láti dá àwọn alátakò dúró, Rotor gan-an, kì í ṣe LT-R, ló máa ṣe é láǹfààní, torí gíga kò ṣe é ní nǹkan níbẹ̀.

Fún eré igbó ọlọ́jọ́ gígùn, bí ẹ kò bá tíì ra ìbọn, ẹ ro ti Cyclone.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ dán an wò lórí ìbọn tiyín kí ẹ tó gbà á tán. Ẹ kó o sọ́rùn ìbọn, ẹ fún ìdè rẹ̀, ẹ dì í mú, kí ẹ mì í: bó bá ń mì, tàbí ó ń yí, ẹnu rẹ̀ kò bá ọrùn ìbọn yín mu, ọta á sì máa há níbi tí méjèèjì ti pàdé. Ẹ da ọta tó tó ìdajì sí i, ẹ tàn án, ẹ dẹ etí sí i. Ó yẹ kí ẹ̀rọ yí díẹ̀, kí ó dákẹ́. Èyí tó bá ń yí láìdákẹ́ nígbà tí ọrùn ti kún á jẹ bátìrì tán, á sì fọ́ ọta pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ da ìbọn dẹ̀gbẹ́ sọ́tùn-ún, sósì, kí ẹ yìn ín níbi tí pápá yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò, pẹ̀lú ìbòjú lójú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, títí loader á fi gbẹ. Ọta mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ kíyè sí jù, torí ibẹ̀ ni loader tí kò dára ti máa ń fi ara hàn.